Òǹtẹ̀ ìjọba fún àwọn tó ń fi ìmọ̀ ẹ̀rọ ṣòwò: Ẹ̀yin ará Ọ̀sì àti Ìlọ́fà, ẹ má jẹ́ kó kọjá yín

Ẹni tó bá mọ ìtàn ìlú Ọ̀sì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì, ìpínlẹ̀ Kwara, yóò ti gbọ́ orúkọ Aréògún, ọ̀gá nínú àwọn agbẹ́gilére, ẹni tó jáde láyé lọ́dún 1954. Títí di òní, iṣẹ́ ọwọ́ bàbá náà wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nílẹ̀ òkèèrè. Láyé ìgbà tirẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kó lọ mú sátífíkéètì wá kó tó gbẹ́ ère tàbí ilẹ̀kùn ààfin. Ọwọ́ rẹ̀ ni sátífíkéètì rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gbéṣẹ́ fún un mọ ilé tó máa yà sí, ó mọ ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́, ó sì ti fojú rí èyí tó ṣe fáwọn ìlú tó wà nítòsí.

Àmọ́ ayé ti yí. Ọmọ Ọ̀sì tàbí ọmọ Ìlọ́fà tó jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀ lónìí lè máa ṣiṣẹ́ fún oníbàárà tó wà ní Kánò, ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọn kò sì ní í fojú kan ara wọn láéláé. Oníbàárà náà kò mọ bàbá rẹ̀, kò mọ àdúgbò rẹ̀, kò mọ ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ máa wá sí i lọ́kàn ni pé, ‘Ṣé kì í ṣe ọmọ Yàhúù lèyí?’ Kódà, lójú pópó wa níbí, bí ọ̀dọ́ kan bá gbé báàgì kọ̀ǹpútà kọ́ èjìká, àwọn kan ti dá a lẹ́jọ́ kó tó lanu sọ̀rọ̀.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tá a fẹ́ sọ lónìí ṣe pàtàkì nìyẹn. Òfin kan wà nílẹ̀ yìí tó fún ìjọba àpapọ̀ lágbára láti lu òǹtẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ kéékèèké tó ń fi ìmọ̀ ẹ̀rọ dá nǹkan tuntun sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bá wọn ṣòwò lè mọ̀ pé ìjọba mọ̀ wọ́n. Ọ̀pọ̀ àwọn tó yẹ kó jàǹfààní rẹ̀ ní ìlú kéékèèké bíi tiwa ni kò tíì gbọ́ nípa rẹ̀, àwọn tó sì gbọ́ rò pé tàwọn ọmọ Èkó ni.

Òfin wo ni?

Lóṣù keje ọdún 2022 nilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà àti ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin buwọ́ lu àbádòfin náà. Nígbà tó di ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹwàá, ọdún 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí i, ló bá di òfin. Nigeria Startup Act ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Startup yìí lorúkọ tí wọ́n ń pe ilé-iṣẹ́ tuntun tó fi ìmọ̀ ẹ̀rọ ṣe ìpìlẹ̀ òwò rẹ̀. Àjọ NITDA, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìdàgbàsókè ìmọ̀ ẹ̀rọ, ni òfin gbé iṣẹ́ akọ̀wé rẹ̀ lé lọ́wọ́, ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ orílẹ̀-èdè fúnra rẹ̀ jẹ́ alága fún ló sì wà lókè gbogbo rẹ̀.

Nínú òfin yìí ni wọ́n ti dá ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n ń pè ní Startup Label sílẹ̀. Òun la pè ní òǹtẹ̀ nínú àròkọ yìí. Ìwé-ẹ̀rí náà ló ń fi hàn pé ìjọba ti yẹ ilé-iṣẹ́ kan wò, ó sì ti gbà pé startup ni lójú òfin. Ọdún 10 ni agbára rẹ̀, láti ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e jáde.

Ta ló lè gbà á, ta ni kò lè gbà á?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lẹ́sẹ̀ nìyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Òfin ní ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ òǹtẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ ní àwọn nǹkan kan.

Àkọ́kọ́, ó gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ tí ‘Limited’ ń gbẹ̀yìn orúkọ rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ tíì ju ọdún 10 lọ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Bí a bá forúkọ ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ lọ́dún 2012, ó ti kọjá ààlà nìyẹn, bó ti wù kí iṣẹ́ rẹ̀ dára tó.

Ẹ̀kejì, iṣẹ́ tó ń ṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ó ń dá nǹkan tuntun sílẹ̀ pẹ̀lú ìmọ̀ ẹ̀rọ ìgbàlódé, tàbí pé ó ń ṣe é jáde, ó ń tún un ṣe kó dára sí i, tàbí ó ń sọ ọ́ di ọjà.

Ẹ̀kẹta, nǹkan náà gbọ́dọ̀ jẹ́ tirẹ̀. Ó lè jẹ́ ọjà, ó lè jẹ́ ọ̀nà ìṣiṣẹ́, ó sì lè jẹ́ sọ́fítíwíà tó ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, tó jẹ́ pé òun ló kọ ọ́ tàbí òun ló ni ín.

Ẹ̀kẹrin, ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́ta ìpín ìdókòwò ilé-iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà tó wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀.

Bákan náà, ilé-iṣẹ́ tó jẹ́ pé abẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá mìíràn tí kì í ṣe startup ló wà kò sí nínú àwọn tí òfin ń bá wí. Ìyẹn ni pé olówó ńlá kò lè lọ dá ọmọ ilé-iṣẹ́ kékeré sílẹ̀ lórúkọ lásán, kó wá fi gba ohun tó jẹ́ ti mẹ̀kúnnù.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ tú kókó kẹrin yẹn, nítorí ibẹ̀ ló ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn ní ṣùtá. Ká ní ọ̀dọ́ méjì ní Ìlọ́fà dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀, wọ́n sì pín ìdókòwò rẹ̀ sí ìpín 1,000,000. Òyìnbó kan wá, ó ní òun máa fowó sí i, àmọ́ òun máa gba ìpín 700,000. Bí wọ́n bá gbà fún un, 300,000 ló kù sọ́wọ́ àwọn tó ni iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ìdá kan nínú mẹ́ta ju 333,000 lọ. Wọ́n ti tà á jù nìyẹn. Owó wọlé, àmọ́ ọ̀nà òǹtẹ̀ ti dí. Kẹ́ni tó bá ń wá olówó mọ iye tí kò gbọdọ̀ tà kó tó jókòó sídìí àdéhùn.

Ṣé oníPOS náà lè gbà á?

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa kọ́kọ́ béèrè nìyẹn, torí pé káàkiri Ọ̀sì, Araromi-Ọ̀pin, Ìlọ́fà àti Odò-Ọwá, òwò POS ni òwò ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ojú mọ̀ jù. Òdodo ọ̀rọ̀ ni pé POS nìkan kò tó. Ẹni tó ń ṣe POS ń lo ẹ̀rọ ẹlòmíì láti ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíì ni, kò dá nǹkan kan sílẹ̀ tó lè pè ní tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń tẹ̀wé, ẹni tó ń tún fóònù ṣe, ẹni tó ń ta káàdì àti ẹni tó ṣí káfẹ́. Iṣẹ́ gidi ni gbogbo wọn, ìjọba kò sì bú wọn. Àmọ́ òǹtẹ̀ tí à ń sọ kì í ṣe tiwọn.

Ní ti oníPOS, ìwé tirẹ̀ yàtọ̀. Lọ́dún 2024, CAC pàṣẹ pé kí gbogbo àwọn tó ń ṣe POS forúkọ sílẹ̀. Ọjọ́ keje oṣù keje ni wọ́n kọ́kọ́ dá, kí wọ́n tó sún un sí ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Lóṣù kẹwàá ọdún 2025, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, CBN, tún gbé ìlànà tuntun jáde pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin ọdún 2026, ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni aṣojú POS gbọdọ̀ máa bá ṣiṣẹ́. Ìlànà kan náà ló fi ₦1.2 mílíọ̀nù ṣe ààlà owó tí aṣojú kan lè san jáde lójúmọ́. Kí ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn lọ tún ìwé rẹ̀ ṣe kí wọ́n tó wá bá a níbi ìṣọ̀.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo apá kejì. Ká ní ọ̀kan nínú àwọn oníPOS yìí ṣàkíyèsí pé àwọn ìyálọ́jà tó ń ta gààrí máa ń wá sọ́dọ̀ òun láti bi òun léèrè iye tí àpò gààrí jẹ́ ní ọjà Òmù-Àrán kí wọ́n tó gbé ọjà sọ́kọ̀. Ó wá lọ bá ọmọ iléèwé kan tó mọ kọ̀ǹpútà, wọ́n jọ kọ sọ́fítíwíà tó ń fi iye ọjà ránṣẹ́ sórí fóònù kékeré, ní èdè Yorùbá, tí àgbẹ̀ fi lè mọ iye tí iṣu, ẹ̀gẹ́ tàbí kajú ń lọ kó tó tà á fún alárobọ̀. Èyí ti di nǹkan mìíràn. Ó jẹ́ tiwọn, ó jẹ́ tuntun, ìmọ̀ ẹ̀rọ ló sì ń gbé e rìn. Àwọn méjèèjì yìí ni òfin ń wá.

Nítorí náà, kẹ́nì kan má ṣe rò pé ó dìgbà téèyàn bá wà ní Èkó. Ìṣòro tó wà nítòsí wa níbí, àwa la mọ̀ ọ́n. Ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ ló mọ ibi tó ti ń ta á.

Bí a ṣe ń kúrò ní ‘Enterprises’ bọ́ sí ‘Limited’

Ibi tí ọ̀pọ̀ yóò ti kọsẹ̀ ni kókó àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kéékèèké tó ní ìwé ní agbègbè wa, ìwé ‘Enterprises’ tàbí ‘Ventures’ ni wọ́n ní, ìyẹn orúkọ òwò lásán. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò tó fún òǹtẹ̀ yìí. Síbẹ̀, òfin ronú kàn wọ́n. Ẹni tó ń dá ṣòwò tàbí tó ń ṣe é pẹ̀lú ẹnìkejì lórúkọ òwò lè gba ohun tí wọ́n ń pè ní pre-label, ìyẹn ìwé onígbà díẹ̀, kó lè rí ìrànlọ́wọ́ láti sọ òwò rẹ̀ di ‘Limited’. Oṣù 6 ni wọ́n fún un. Bí kò bá ti ṣe ohun tó yẹ kó ṣe kí oṣù 6 náà tó pé, ìwé náà ti parí iṣẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀rù ‘Limited’ máa ń ba àwọn èèyàn wa. Wọ́n rò pé ó dìgbà téèyàn bá ní lọ́yà, ọ̀pọ̀ olùdarí àti owó rẹpẹtẹ. Bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ nìyẹn, àmọ́ òfin CAMA tí wọ́n fọwọ́ sí lóṣù kẹjọ ọdún 2020 ti yí i padà. Ẹnì kan ṣoṣo lè dá ilé-iṣẹ́ aládàáni sílẹ̀ báyìí. ₦100,000 ni ìdókòwò tó kéré jù tí òfin ní kó wà lórúkọ ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kékeré tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò ju ₦120 mílíọ̀nù lọ, tí ohun ìní rẹ̀ lẹ́yìn gbèsè kò sì ju ₦60 mílíọ̀nù lọ, kò pọn dandan kó ní akọ̀wé ilé-iṣẹ́, kò sì pọn dandan kó máa ṣe ìpàdé ọdọọdún.

Àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí ti òǹtẹ̀. Bó o bá fi orúkọ òwò lásán ṣòwò, gbèsè òwò náà gbèsè tìẹ ni. Ẹni tó o jẹ lówó lè wá bá ọ nílé. Àmọ́ ilé-iṣẹ́ ‘Limited’ dá dúró lójú òfin bí ẹni tó ń jẹ́ orúkọ tirẹ̀. Bó bá jẹ gbèsè, òun ló jẹ ẹ́, wọn kò lè tìtorí rẹ̀ gba oko kòkó tí bàbá ẹ fi sílẹ̀ fún ẹ, àyàfi tó o bá ti fọwọ́ ara ẹ ṣe onídùúró fún gbèsè náà. Ọ̀pọ̀ ló máa ń buwọ́ lu ìwé onídùúró ní báńkì láìka ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra.

Kí ló wà nídìí òǹtẹ̀ náà?

Òfin ṣèlérí ohun púpọ̀. Ó ní kí wọ́n dá àpò owó ìrànlọ́wọ́ kan sílẹ̀ fún àwọn startup, tí ohun tí yóò máa wọnú rẹ̀ lọ́dọọdún kò gbọdọ̀ dín sí ₦10 bílíọ̀nù, kí àjọ NSIA tó ń bójú tó owó ìdókòwò ìjọba sì máa ṣàkóso rẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa kọ́ àwọn tó ní òǹtẹ̀ níṣẹ́ sí i, kí wọ́n ràn wọ́n lọ́wọ́ láti fi òfin dáàbò bo ohun tí wọ́n dá sílẹ̀, kí àwọn àjọ ìjọba tó ń fún èèyàn níwèé àṣẹ sì mú iṣẹ́ wọn rọrùn fún wọn.

Ní ti owó orí, òfin ọdún 2022 yẹn sọ pé startup tó ní òǹtẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì wà lára àwọn tí ìjọba ń fún ní àǹfààní aṣáájú, lè bọ́ lọ́wọ́ owó orí fún ọdún 3, kí wọ́n sì fi ọdún 2 kún un. Ó tún sọ nípa ẹ̀dínwó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó tí olùdókòwò bá fi sínú irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ fetí sílẹ̀ o. Lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà ọdún 2025, Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí àwọn òfin owó orí tuntun, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026. Àwọn òfin tuntun yìí tún ètò owó orí tò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, títí kan àǹfààní aṣáájú yẹn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ìwé ọdún 2022 lọ́wọ́ kó máa fi yangàn níwájú agbowó orí. Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ ìṣirò owó orí tàbí ní ọ́fíìsì wọn.

Ohun kejì tó yẹ ká là yé ara wa ni pé òǹtẹ̀ kì í ṣe owó. Ó ń ṣílẹ̀kùn ni, kì í gbé oúnjẹ síwájú èèyàn. Ẹni tó gba òǹtẹ̀ lónìí ní ẹ̀tọ́ láti béèrè, àmọ́ yóò ṣì jókòó kọ ìwé, yóò ṣì fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn, wọ́n sì lè má fún un. Nítorí náà, ẹ má ṣe yáwó èlé nítorí pé owó ìjọba ń bọ̀. Ẹni tó gbójú lé ogún, ó fi ara rẹ̀ fún òṣì ta.

Àǹfààní tó sún mọ́ wa jù lójú tèmi ni ti orúkọ rere. Bí oníbàárà láti ọ̀nà jíjìn bá ń ṣiyèméjì, bí báńkì bá ń béèrè pé irú òwò wo lèyí, bí òbí kan ní Ọ̀sì bá ń bẹ̀rù pé kí lọmọ òun ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà tọ̀sán tòru, ìwé wà tó lè fi hàn wọ́n. Fún ọ̀dọ́ tó ń jẹun nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ láìlu jìbìtì, nǹkan ńlá nìyẹn.

Àmọ́ òǹtẹ̀ ní ẹrù tirẹ̀

Ẹni tó bá gbà á ní ohun tó gbọ́dọ̀ máa ṣe. Lọ́dọọdún ni yóò máa sọ iye òṣìṣẹ́ tó ní, iye ohun ìní rẹ̀ àti iye owó tó wọlé fún un. Ó gbọ́dọ̀ máa kọ ìṣirò owó rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Bó bá rí ìrànlọ́wọ́ gbà, yóò jábọ̀ ohun tó fi ṣe. Bí ohunkóhun bá yí padà nínú ètò ilé-iṣẹ́ rẹ̀ tàbí nínú àwọn tó ni ín, ó gbọ́dọ̀ fi tó wọn létí láàárín oṣù kan. Ẹni tó bá kọ etí ikún sí gbogbo èyí lè pàdánù òǹtẹ̀ náà.

CAC pẹ̀lú kò ní í gbàgbé rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ yòówù tó bá ti forúkọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa fi ìjábọ̀ ọdọọdún ránṣẹ́. Ti orúkọ òwò kò gbọdọ̀ kọjá ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹfà lọ́dọọdún. Ilé-iṣẹ́ tí kò bá fi ìjábọ̀ ránṣẹ́ fún ọdún 10 léraléra, òfin fún CAC lágbára láti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ kúrò nínú ìwé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gba ìwé CAC, tí wọ́n kọ́ ọ sára ògiri, tí wọn kò sì tún wo ẹ̀yìn mọ́.

Bákan náà, ẹni tí sọ́fítíwíà rẹ̀ ń gba orúkọ, nọ́ńbà fóònù tàbí nọ́ńbà ìdánimọ̀ àwọn èèyàn, kó mọ̀ pé òfin ààbò ìsọfúnni aráàlú tí wọ́n fọwọ́ sí lóṣù kẹfà ọdún 2023 ń wò ó. Nọ́ńbà oníbàárà kì í ṣe ohun tí a ń tà fún ẹlòmíì.

Bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀

Orí íntánẹ́ẹ̀tì nibi ìforúkọsílẹ̀ wà, ní startup.gov.ng. Àmọ́ kẹ́ni kẹ́ni tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìwé yín pé. Ẹ rí i pé orúkọ tó wà lórí ìwé CAC, orí nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN àti orí àkáǹtì báńkì bára mu, títí kan lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Àwọn ará ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ní ìṣòro kan tí ẹlòmíì kò ní. Ìpínlẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Èkìtì, ìjọba ìbílẹ̀ kan náà sì wà ní Kwara tó ń jẹ́ Èkìtì. Ẹni tó bá ń bá yín tẹ fọ́ọ̀mù láti ọ̀nà jíjìn lè fi yín sí Adó-Èkìtì láìmọ̀. Ẹ fojú ara yín wò ó kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́: ìpínlẹ̀, Kwara, ìjọba ìbílẹ̀, Èkìtì. Àtúnṣe àdírẹ́sì lẹ́yìn tí ìwé bá ti jáde máa ń gba owó àti àkókò.

Ní ti ẹ̀rí pé nǹkan náà jẹ́ tiyín, òfin ẹ̀tọ́ oníǹkan tí wọ́n fọwọ́ sí lóṣù kẹta ọdún 2023 ka sọ́fítíwíà mọ́ ohun tí ẹni tó kọ ọ́ ní ẹ̀tọ́ lé lórí, ẹ sì lè fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ náà. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ tuntun lẹ dá sílẹ̀, àjọ NOTAP lè tọ́ yín sọ́nà lórí ìwé ẹ̀tọ́ tó ń pẹ́ tó ọdún 20. Bẹ́ ẹ bá sì gba ọmọ iléèwé láti bá yín kọ sọ́fítíwíà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kẹ́ ẹ jọ buwọ́ lù ú, pé ilé-iṣẹ́ ló ni iṣẹ́ náà. Ẹnu lásán ti tú ọ̀pọ̀ àjọṣe ká.

Iná ọba àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣì ń fìyà jẹ wá, kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Ẹni tó bá rí i pé kò ṣeé ṣe fún òun nílé lè lọ ṣe é níbi tó gbé rọrùn. Landmark University wà ní Òmù-Àrán, kò jìnnà sí wa. Yunifásítì ìpínlẹ̀ Kwara, KWASU, kọ́ ọgbà kan sí Ọ̀sì gan-an, èyí tó mú kí àwọn ọ̀dọ́ tó mọ kọ̀ǹpútà wọ̀lú. Ní Ìlọrin, ìjọba ìpínlẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ IHS Nigeria jọ gbé ilé ńlá kan dìde fún àwọn tó ń fi ìmọ̀ ẹ̀rọ ṣòwò, Ilorin Innovation Hub. Irú ibẹ̀ lèèyàn ti ń pàdé ẹni tó ti gba ọ̀nà náà ṣáájú òun.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn gbájúẹ̀. Ibi tí ìwé ìjọba bá ti wà, àwọn tó máa ní àwọn mọ ọ̀gá ní Abùjá kì í jìnnà síbẹ̀. Bẹ́nì kan bá pè yín pé kẹ́ ẹ fi owó sínú àkáǹtì òun fúnra rẹ̀ kó lè bá yín gba òǹtẹ̀, ẹ pa fóònù. Owó tó bá tọ́ sí ìjọba, ojú ọ̀nà ìjọba la ti ń san án, wọ́n sì ń fúnni ní rìsíìtì.

Kì í ṣe àwa nìkan

Orílẹ̀-èdè Tùnísíà ló kọ́kọ́ ṣe irú òfin yìí nílẹ̀ Áfíríkà, lóṣù kẹrin ọdún 2018. Lọ́dọ̀ tiwọn, òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ dá startup sílẹ̀ lè gba ìsinmi ọdún kan, kó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ bí kò bá rí bó ṣe rò. Senegal tẹ̀ lé e ní ìparí ọdún 2019. Íńdíà ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2016. Ẹni tí ìjọba bá dá mọ̀ níbẹ̀ ń rí ẹ̀dínwó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó ìforúkọsílẹ̀ ohun tuntun tó dá sílẹ̀. Ohun tó jọ ara wọn nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ìjọba kọ́kọ́ béèrè pé: ta ni ọ́, kí lo dá sílẹ̀, ta ló ni ín? Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí kò lè rí ìrànlọ́wọ́ gbà ní Tunis, ní Dakar tàbí ní Abùjá.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá sì wọ inú òfin yìí, kó má ṣe bara jẹ́. Àjọ SMEDAN, tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 2003, wà fún gbogbo oníṣòwò kéékèèké, bóyá wọ́n ń lo kọ̀ǹpútà tàbí wọn kò lò ó. Ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn àti ìwé CAC ni àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ fún aláṣọ, fún onígààrí, fún oníPOS. Bó bá di ọ̀la tí òwò náà bí ọmọ tuntun, àtẹ̀gùn kejì á rọrùn.

Láyé Aréògún, ojúlé ni wọ́n ti ń wá oníṣẹ́ rere kàn. Lónìí, ojú ìwé ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó béèrè ojúlé. Kẹ́ni tó níṣẹ́ lọ́wọ́ ní Ọ̀sì, ní Ìlọ́fà àti ní gbogbo agbègbè Òkè-Ẹ̀rọ̀ àti Èkìtì ti Kwara tètè lọ yọ ìwé CAC rẹ̀ jáde nínú àpótí lónìí, kó wo ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn orúkọ náà, kó sì wo ọdún tó wà lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìrìn náà ti bẹ̀rẹ̀.